Àgádágodo Wà Lẹ́nu Ọ̀nà, Bàbá Mi Wà Nínú Ilé

Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù kẹwàá ni, aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Mo mọ aago náà nítorí pé ó wà nínú fóònù mi títí di òní. Mi ò pa á rẹ́. Ìgbà yẹn ni bàbá mi pè mí pé omi ti wọ pálọ̀.

Ìjọ Ọlọ́run, mo kí yín. Ọpẹ́ ni mo bá wá, mo sì fẹ́ dá a kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè dà bí ẹjọ́ létí ẹlòmíràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé bàbá mi wà láàyè. Àwọn ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í jáde wá sọ̀rọ̀. Ọdún méje ni mo ti wà nínú ìjọ yìí, ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí mo máa jẹ́ nìyí. Màmá mi ló ní kí n jáde. Mo sọ fún wọn pé bí mo bá jáde, gbogbo rẹ̀ ni màá sọ, kì í ṣe ìdajì. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ wá, Ṣadé ni orúkọ mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú bàbá mi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, ó kàn ń falẹ̀ ni. Wọ́n lè fi ọ̀pá rin ìgbésẹ̀ díẹ̀. Ní ti màmá mi, Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀sì BRT aago márùn-ún ààbọ̀ ni wọ́n máa ń wọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí wọ́n tó dé. Èmi ti parí yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo ń wáṣẹ́, nítorí náà èmi ni mo máa ń wà pẹ̀lú Dádì lójúmọmọ. Ilé wa wà lẹ́yìn Agric ní Ìkòròdú, ní òpópónà tó dagẹ̀rẹ́ lọ sí ìhà odò. Ilé ilẹ̀ ni, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ìkìlọ̀ wà. Mo fẹ́ kí èyí yé wa, torí mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé òjijì ni omi náà dé. Kò dé lójijì. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí ó dé nígbà tí alága ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù àdúgbò wa ka lẹ́tà kan sétí wa ní ìpàdé, pé odò máa kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé kí àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ múra. Èmi wà níbẹ̀, torí màmá mi ní kí n lọ jókòó dípò àwọn. Bàbá kan dìde, wọ́n ní irọ́ ni, pé àwọn kan ló fẹ́ fi lẹ́tà lé wa kúrò kí wọ́n lè gba ilẹ̀ wa. Ìyá kan dìde, wọ́n ní àwọn kọ̀ ọ́, lẹ́tà náà ò ní ṣẹ lórí ilé àwọn. Gbogbo ìpàdé dáhùn pé àmín, bí ẹni pé odò wà lára àwọn tó wá sí ìpàdé. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ohun méjì la fẹnu kò lé lórí. Àkọ́kọ́ ni ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Èkejì ni pé bí omi bá dé, kí a ti géètì òpópónà pa, kí àwọn tó bá ń sá bọ̀ láti ibòmíràn má baà gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, torí olè lè wà láàárín wọn.

Mo náwọ́. Mo ní kí a kọ orúkọ àwọn tí kò lè dá rìn sílẹ̀, ilé wọn, yàrá tí wọ́n ń sùn sí, kí a lè mọ ẹni tí a máa kọ́kọ́ gbé. Bàbá tó ń gba ẹgbẹ́ nímọ̀ràn yí padà wò mí. Wọ́n ní, “Ọmọ yìí, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé arúgbó ló kù tí o fẹ́ máa kà fún wa?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní ó dà bíi pé ìwé ti pọ̀ jù lórí mi. Ìdáhùn wà lẹ́nu mi. Ó yẹ kí n sọ pé ọ́ṣà ìjọ ń ka orí gbogbo wa ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọmọdé lọ́tọ̀, wọ́n ń kọ ọ́ sí ìwé, kò sì sí ẹni tó kú nítorí rẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Mo jókòó, mo gbé ìdáhùn mi padà sílé. Torí náà, nígbà tí mo bá ń bínú sí ìpàdé yẹn, mo mọ̀ pé èmi náà wà níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mo ń sọ yìí, wọ́n pè mí fún intafíù ní Ẹ̀pẹ́. Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú rẹ̀. Oòrùn mú débi pé mo sá aṣọ síta kí n tó jáde. Títí di òní, mi ò mọ ibi tí omi náà ti wá gan-an. Àwọn kan ní òjò òkè ọ̀nà ló wá, àwọn kan ní ọ̀sà ló kún padà. Mi ò rí ẹ̀rí tó tó láti gba ọ̀kan gbọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé inú oòrùn ló dé. Mo gbé oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Dádì, mo fi okùn so fóònù kékeré wọn mọ́ wọn lọ́rùn, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dìde. Lẹ́yìn náà mo jáde, mo sì fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn irin iwájú láti ìta.

Mo mọ ohun tí ẹ ń rò. Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan wá kanlẹ̀kùn pé òun fẹ́ ka mítà iná. Dádì rọra wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, ó sì gbé tẹlifíṣàn lọ níṣojú wọn. Láti ìgbà náà, bí àwọn nìkan bá máa kù nílé, a máa ń ti ìta. Gbogbo fèrèsé ló ní irin bọ́gúlárì. Inú àpótí irin kékeré kan ni àgádágodo náà máa ń wà, kí olè má lè fi òòlù lù ú. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bí ilé tiyín náà ṣe rí nìyẹn. A ti múra de olè tán. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ màmá mi ní Èkó, èkejì wà nínú báàgì mi ní Ẹ̀pẹ́.

Nígbà tí Dádì pè, wọn ò tíì pè mí wọlé níbi intafíù.

“Ṣadé, omi ti wọ pálọ̀.”

Àyà mi ò já. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù. Ńṣe ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Mo ní ṣé ife omi wọn ló dànù ni. Wọ́n ní rárá. Mo ní bóyá táǹkì ló kún àkúnwọ́sílẹ̀. Wọ́n ní iná ò sí láti àárọ̀, kí ló máa fa omi sí táǹkì. Mo ní ṣé omi náà mọ́ ni àbí ó dúdú.

“Ṣadé, ṣé o fẹ́ kí n tọ́ ọ wò ni?”

Mo ní màá pè wọ́n padà. Mo fẹ́ mọ̀ dájú kí n tó kúrò lórí ìlà, torí oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń wá intafíù yẹn. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni mo fi wá ìdánilójú. Mo wo ojú ọjọ́ lórí fóònù, ó ní oòrùn. Mo pe Mọ́mì Tọ́lá, aládùúgbò wa ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò gbé e. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n gbé e, ariwo ọkọ̀ sì pọ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní àwọn ti wà ní bọ́sítọ́ọ̀pù Agric, àwọn àti gbogbo òpópónà. Wọ́n ní omi ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, pé àwọn ọ̀dọ́ ti lọ láti ilé dé ilé, wọ́n sì ti fi àga gbé Ìyá Àgbà ilé kẹta jáde. Mo ní Dádì ńkọ́.

Wọ́n ní, “Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà yín, Ṣadé. A rò pé ẹ ti gbé wọn lọ.”

Mo bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Wọ́n tún ní wọ́n rí àgádágodo. Mi ò lè bá wọn jà. Bí èmi náà bá rí àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn tí omi ń bọ̀ lẹ́yìn mi, màá kọjá. Orúkọ Dádì ò sí nínú ìwé kankan tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ náà padà. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ti tú ká, pé àwọn á wá wọn. Bóyá wọ́n wá wọn, mi ò mọ̀. Fóònù wọn ò wọlé mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Mo fi ìlà sílẹ̀, mo jáde sójú títì. Bí mo ṣe ń lọ, mo pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹni tó gbé e mọ ọ̀wọ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó bi mí ní orúkọ, ó bi mí ní bọ́sítọ́ọ̀pù tó sún mọ́ wa, ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ ti lọ síbòmíràn, pé wọ́n á dé ọ̀dọ̀ wa, kí n fọkàn balẹ̀. Mo ní ìgbà wo ni. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù ìjọ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀rí ni mo wá jẹ́, ẹlẹ́rìí ò sì gbọ́dọ̀ yọ ibì kan sílẹ̀. Ohun tí mo kọ nìyí, ó ṣì wà níbẹ̀: “Bàbá mi wà nínú ilé, ilẹ̀kùn tì látìta, omi ń wọlé. Ẹni tó bá wà nítòsí Agric, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú òòlù, kí ẹ lọ.”

Ẹni àkọ́kọ́ dáhùn pé àmín. Àmín sí kí ni? Mi ò gbàdúrà, òòlù ni mo ní kí ẹ mú. Ẹni kejì náà ní àmín. Ẹnìkan ní Ọlọ́run wà lórí ìtẹ́. Ẹnìkan fi orin ránṣẹ́. Ẹnìkan gbé ìkéde ìpàdé àwọn ìyá lé e, bóyá kò tilẹ̀ ka tèmi. Mo ka gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí mo ń wá gbólóhùn kan péré: “Mò ń lọ.” Mi ò rí i. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wà níbi iṣẹ́. Mo sì gbà pé àwọn kan kúnlẹ̀ níbi tí wọ́n wà, wọ́n gbàdúrà tọkàntọkàn. Màá dé orí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin nínú wa tí mo mọ̀, ilé wọn sí Agric ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, wọ́n sì wà nílé lọ́jọ́ náà. Mo rí i bí ẹ ṣe ń wò mí. Mo ti parí apá yẹn.

Ní gáréèjì Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ Ìkòròdú tó wà lórí ìlà ku ẹnìkan kó kún. Dírẹ́bà ní òun ò ní gbéra láìkún. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní òun káàánú mi, ṣùgbọ́n ṣé kí wọ́n wá máa sọ lẹ́yìn òun pé òun ń ba ìlà jẹ́ ni. Ìyá kan wà lẹ́yìn pẹ̀lú bàsíà ẹja gbígbẹ lórí itan wọn. Wọ́n gbé bàsíà náà, wọ́n gbé e sórí ìjókòó tó ṣófo, wọ́n ní, “Ó ti kún. Ẹja mi náà ń lọ sí Ìkòròdú. Wakọ̀, jàre.” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, dírẹ́bà sì gbéra. Mi ò mọ orúkọ ìyá náà. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níbikíbi tí wọ́n bá wà.

Nínú ọkọ̀ náà ni mo ti gbàdúrà, ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àdúrà mi ò gùn. Mo ní, “Olúwa, èmi ni mo tilẹ̀kùn mọ́ bàbá mi. Jẹ́ kí ẹnìkan wà tó mọ ọ̀nà mìíràn wọ ilé wa.” Ó parí. Lẹ́yìn náà mo ṣí orúkọ àwọn ènìyàn inú fóònù mi, mo bẹ̀rẹ̀ láti A, mo ń wá ẹnikẹ́ni tó lè wà ní Agric. Mo pe ẹni márùn-ún. Méjì ò gbé e, méjì wà ní Èkó, ọ̀kan ti kó lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tí mo dé W, mo rí “Wẹ́dà Bọ́gúlárì.” Ọkùnrin tó ṣe irin fèrèsé àti ilẹ̀kùn wa ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni, Ràṣídì, ará Ìwó, tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀nà ní Agric. Mo pè é ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Mo sọ fún un pé bàbá mi wà nínú ilé. Mo ní kó bá mi gé irin.

Ó ní, “Àǹtí, iná ò sí. Jẹnẹrétọ̀ mi sì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ti ilẹ̀kùn iwájú yẹn, ẹ má tilẹ̀ dá a lábàá. Èmi ni mo ṣe é. Kò sí òòlù tó máa wọ ibẹ̀.”

Mo ní kí ni kí n wá ṣe. Ó wá ní, “Ẹ ò ní bínú?”

“Ẹ sọ ọ́, Bọ̀dá Ràṣídì.”

“Irin fèrèsé kíṣìnnì, mi ò fi iná wẹ́dà jó o mọ́ ògiri. Iná lọ lọ́jọ́ yẹn. Bóòtù mẹ́rin ni mo fi dè é, mo fi pọ́tì dí ojú wọn, mo kùn ún lọ́dà. Mo ní màá padà wá jó o lọ́jọ́ kejì.”

Ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́fà la fi ń sùn ní ilé yẹn, tí a rò pé irin dì wá yíká, nígbà tí olè tó bá ní sípánà lè wọlé wá dáná. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni mo gbọ́ ọ ni, màmá mi ìbá ti dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó. Èyí tó ṣe dáadáa ni ìbá pa bàbá mi. Èyí tó ṣe lábùkù ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù. Mi ò mọ bí mo ṣe lè fi ìyẹn dúpẹ́ láìbínú, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè bínú láìdúpẹ́. Mo ní kó mú sípánà, kó máa lọ. Ó ní òun ti ń lọ.

Mo pe Dádì, mo sọ fún wọn pé ẹnìkan ń bọ̀ láti fèrèsé kíṣìnnì. Wọ́n ní ta ni. Mo ní Ràṣídì wẹ́dà.

“Èyí tó ní òun ń bọ̀ lọ́la, láti ọdún mẹ́fà?” Wọ́n tún ní, “Omi ti dé orúnkún mi. Má jẹ́ kí dírẹ́bà yẹn sáré.”

Ìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù nìyẹn. Nígbà tí mo tún pè, kò lọ.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógún, Ràṣídì pè mí. Ó ti dé géètì òpópónà wa, òun àti fọ́gánáísà tó ń lẹ táyà nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n gbé túùbù táyà ńlá lọ́wọ́. Sẹkúríìtì ò ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti pa á láṣẹ pé kó má jẹ́ kí àlejò wọlé. Ìpinnu ìpàdé wa nìyẹn o, èyí tí a ṣe dípò kí a kọ orúkọ. Mo ní kó gbé fóònù fún un. Sẹkúríìtì náà ní kì í ṣe ẹ̀bi òun, pé kí n pe alága kí alága pe òun. Mo ti pe alága lẹ́ẹ̀mẹta, kò lọ. Mo ń gbọ́ Ràṣídì lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bi í pé ṣé túùbù lolè máa ń gbé wá jalè. Mi ò pariwo.

Mo sọ fún sẹkúríìtì náà pé, “Bọ̀dá, omi ti dé orúnkún bàbá mi, wọn ò lè dìde. Bí wọ́n bá kú, ẹ̀yin lẹ máa dúró ní géètì yẹn lálẹ́ òní, kí ẹ sọ ọ́ fún màmá mi nígbà tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé.”

Mo gbọ́ ìró ṣéènì géètì. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù gé.

Láti ìgbà náà títí di aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú márùn-ún, mi ò gbọ́ nǹkankan. Fóònù Ràṣídì ò lọ, ti Dádì ò lọ. Màmá mi ń pè láti inú BRT, mi ò ní ìròyìn fún wọn. Mo tún àdúrà mi gbà, ṣùgbọ́n mi ò rántí ohun tí mo sọ, torí náà mi ò ní sọ fún yín pé mo rántí.

Mo bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé Agric, torí ojú ọ̀nà ti dí, mo fi ẹsẹ̀ sáré. Àwọn ènìyàn jókòó lórí mátírẹ́ẹ̀sì létí títì. Mo kọjá wọn. Mo dé ṣọ́ọ̀bù Ràṣídì. Dádì jókòó lórí bẹ́ǹṣì onígi, wọ́n wọ jalámíà funfun tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n mú búrẹ́dì dání. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́?”

Mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Ní ti bí wọ́n ṣe jáde, mi ò sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni màá sọ. Ràṣídì ní bóòtù mẹ́ta tú wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀kẹrin ti dógùn-ún, ó yọ òun lẹ́nu. Ó ní òun bá Dádì lórí àga, omi dé itan wọn. Dádì ní ó dé ikùn. Ìyẹn ni wọn ò fẹnu kò lé lórí. Wọ́n jọ gbà pé àwọn méjèèjì fi túùbù náà gbé wọn, fọ́gánáísà wà nínú omi lẹ́yìn fèrèsé, Ràṣídì wà nínú kíṣìnnì, ó sì wí pé bísímílláì kó tó gbé wọn sókè. Jalámíà náà ni Ràṣídì máa ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀. Òun ló wọ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, torí aṣọ Dádì ti rin gbingbin.

Mo ń sọ èyí nítorí ohun tó ti wà lórí Wọ́sáàpù wa kí n tó délé, pé ọkùnrin méjì aláṣọ funfun ló gbé bàbá mi jáde láti inú omi, tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ ibi tí wọ́n lọ. A mọ ibi tí wọ́n lọ. Wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Bí Ọlọ́run bá rán áńgẹ́lì lọ́jọ́ náà, mi ò bá a jiyàn, mi ò kàn rí wọn ni. Àwọn tí mo rí ń rùn bẹntiróòlù, ọ̀kan ní sípánà lápò.

Ẹ máa bi mí bóyá mo gbà pé àdúrà ló ṣe é. Mo ti rò ó. Mo gbàdúrà ní aago mẹ́ta ku mẹ́wàá, mo pe Ràṣídì ní aago mẹ́ta ku mẹ́fà. Mi ò lè fi ìwé hàn pé èkíní ló bí èkejì. Ṣùgbọ́n ohun tí mo béèrè ni ẹni tó mọ ọ̀nà mìíràn wọ ilé wa, ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà láyé tó mọ̀ ọ́n, bàbá mi gan-an ò mọ̀. Mo gba ìyẹn lọ́wọ́ Ọlọ́run pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ohun tí mi ò ní gbà ni pé kí a pe àìbìkítà wa ní iṣẹ́ ìyanu, kí a tún máa lọ sílé lọ tilẹ̀kùn. Ọlọ́run rí ọ̀nà gbà nínú iṣẹ́ tí wẹ́dà fi sílẹ̀ láìparí. Iṣẹ́ mélòó ni a tún fẹ́ fi sílẹ̀ fún un?

Kọ́kọ́rọ́ ilé wa kẹta ti wà lọ́wọ́ Mọ́mì Tọ́lá báyìí. A ti bẹ Ràṣídì kó má jó irin kíṣìnnì mọ́ ògiri, kó fi ìdè ilẹ̀kùn sí i, kó ṣeé ṣí láti inú. Ó ní òun ń bọ̀ ní Mọ́ńdè. Mọ́ńdè méjì ti kọjá. Èmi náà ní ìwé kan lọ́wọ́ yìí. Bí ìsìn bá parí, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí arúgbó bá wà nílé yín, tàbí aláìsàn tí kò lè dá rìn, ẹ sọ orúkọ wọn fún mi, ilé wọn, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a kì í bá ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹ bá mi kà á fúnra yín.

Ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Ẹ bá màmá mi yọ̀, wọ́n dé láti Èkó lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì bá ọkọ wọn láàyè. Ẹ bá Dádì yọ̀, wọ́n ṣì ń bi mí nípa iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá rí Ràṣídì ní Agric, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ará ìjọ wa, ẹ kí i fún mi.

Ọjọ́ Àìkú ni omi náà fà. Ní Mọ́ńdè, mo wọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mi. Omi ti fi ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ lára ògiri pálọ̀ yíká, ó tọ́ bí ìlà rúlà. Àga Dádì wúwo, kò kúrò níbi tó wà. Dádì ga jù mí lọ díẹ̀, torí náà mo gbé pákó kan sórí àga náà kí orí wa lè dọ́gba, mo jókòó lé e, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ ojú mi kan ògiri. Ìlà náà wà lókè imú mi.